Fífi Fóònù Darí Omi Oko ní Àkúrẹ́ àti Agbègbè Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ní November, àwọn tó ń dá àkùrọ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ní Ìlárá-Mọ̀kín títí dé Ìtaògbólú a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: ṣé lóòótọ́ ni fóònù lè báni bomi rin oko? Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju kéèyàn ra àpótí kan kó ki síìmù bọ̀ ọ́ lọ. Ẹ ka ìbéèrè tó bá kàn yín. Ẹni tí kò tíì ra nǹkan kan rárá ni mo rọ̀ pé kó kà á látòkè délẹ̀.

Ṣé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń fa omi ni?

Rárá o. Pọ́ǹpù ló ń fa omi, páìpù ló ń gbé e lọ. Fóònù kàn ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù tàbí fáfù (ohun tó ń ṣí omi tó sì ń tì í lẹ́nu páìpù) ni: ṣí, tì. Àpótí kékeré kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, síìmù sì máa wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pe nọ́ńbà síìmù yẹn tàbí tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, súìṣì inú àpótí á tàn, iná á dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ẹ tún pè é, á kú. Orí èyí ni gbogbo ọgbọ́n yòókù dúró lé.

Báwo ló ṣe wá ń dín omi tó ń ṣòfò kù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èrè rẹ̀ ni pé wọ́n lè ṣí omi látorí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Inú títì ni èrè wà.

Ẹ wo bí omi ṣe ń ṣòfò lóko. Lébìrà tan pọ́ǹpù, ó kọjá sí òdìkejì láti lọ tu koríko, ẹnì kan pè é sórí fóònù, ó bá gbàgbé. Tàbí kí wọ́n mú iná lọ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rántí pa súìṣì. Iná dé ní ọ̀gànjọ́ òru, pọ́ǹpù sì ń fa omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí pọ́ǹpù yín bá ń tú 50 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìgbàgbé ìṣẹ́jú 40 péré ti jẹ́ 2,000 lítà. Omi ọ̀hún kò sì ṣe ewébẹ̀ lóore. Ńṣe ló ń fọ ajílẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí gbòǹgbò ò lè dé, tó ń mú gbòǹgbò tòmátì rà.

Àpótí tí a bá ṣètò pé kó pa pọ́ǹpù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, yálà ẹ rántí tàbí ẹ ò rántí, ti gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, àpótí tó dáa kì í dá tan pọ́ǹpù. Á dúró de àṣẹ yín. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì ní kó fi hàn yín lójú ara yín.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Omi tí a bá wọ́n lọ́sàn-án gangan nínú ọyẹ́ January, oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ á ti gba tiwọn kí gbòǹgbò tó gba tirẹ̀. Ìdájí ni omi ń wọlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi aago mẹ́rin òru wa ọkọ̀ láti Ìjàpọ̀ lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀? Fóònù lè bá yín lọ.

Omi tó pọ̀ tó wo ni oko mi nílò lójúmọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń béèrè gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Bí omi bá ga ní mílímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, lítà kan ni. Ewébẹ̀ tó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ ti bo ilẹ̀, lè mu nǹkan bíi mílímítà 5 lóòjọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Pulọ́ọ̀tì kan tí a mọ̀ sí ẹsẹ̀ 60 sí 120, ìyẹn mítà 18 sí 36, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 648. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di 3,240 lítà lójúmọ́. Bí ewébẹ̀ bá ṣì kéré, tí kò tíì bo ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ lọ, nǹkan bíi 1,080 lítà tó o. Éékà kan á gbà tó 20,000 lítà lójúmọ́ nígbà tí ewé bá kún. Kẹ́ ẹ tó gba éékà mẹ́ta sídìí kànga kan, ẹ rò ó dáadáa.

Ẹ wá wọn pọ́ǹpù yín. Ẹ gbé garawa 20 lítà sí ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ fi aago fóònù wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó kún. Bó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 24, 50 lítà ló ń tú ní ìṣẹ́jú kan. Pulọ́ọ̀tì tó nílò 3,240 lítà á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 65, ká ní kò sí omi kankan tó sọnù lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ó ń sọnù. Ìṣirò tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, máa ń lò ni pé nínú 100 lítà tó bá wọ oko, nǹkan bíi 60 ló ń dé ìdí ewébẹ̀ bí a bá ń da omi sínú poro, 75 bó bá jẹ́ èyí tó ń fọ́n omi sókè bí òjò, 90 bó bá jẹ́ dírípù, ìyẹn páìpù tó ń kán omi tótòtó sí ìdí ewébẹ̀. Nítorí náà, kí 3,240 lítà tó dé ìdí ewébẹ̀, ẹni tó ń da omi sí poro á fa 5,400 lítà, onídírípù á fa 3,600. Ìyàtọ̀ 1,800 lítà lójúmọ́ lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, fóònù ò sì tíì dá sí i. Bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ ti nǹkan kan péré, ẹ fi ra dírípù. Fóònù lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Bàbá mi ní Ìdànrè ò mọ̀ wé kà, fóònù alátọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń lò. Ṣé wọ́n lè lò ó?

Àwọn gan-an ni wọ́n máa gbádùn rẹ̀ jù. Àpótí wà tí fílásì lásán ń ṣiṣẹ́ fún: bàbá á pè é, àpótí á wo nọ́ńbà tó ń pè é, á rí i pé ti bàbá ni, á já ìpè náà láìgbé e, á sì tan pọ́ǹpù. Kọ́bọ̀ ò kúrò lórí fóònù bàbá. Ẹ bá wọn fi nọ́ńbà àpótí sórí bọ́tìnì 2, kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń pè. Níwọ̀n bí wọn ò ti ní lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ wá irú àpótí tó lè fílásì padà láti fi hàn pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi fóònù kékeré tan pọ́ǹpù báyìí, nítorí òru ni iná ọba sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, oko sì jìnnà sílé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa ra dátà?

Kò pọn dandan. Ìpè àti SMS tó. Náírà 4 ni SMS kan tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, fọwọ́ sí àfikún owó ní January 2025, ó di náírà 6. Áàpù tó ń ya àwòrán ìlà sókè sódò dùn ún wò, àmọ́ ewúro ò dúró de àwòrán kó tó hù. Bí oko yín bá wà lẹ́yìn ilé tí Wi-Fi ilé sì dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Áàpù lè rọrùn fún yín jù.

Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró lóko wa. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

Ẹ gbé fóònù méjì tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ìdí pọ́ǹpù gan-an, kì í ṣe ibi àbáwọlé oko. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ní àwọn agbègbè olókè bí Ìdànrè, àpáta lè dí nẹ́tíwọ̀kì mọ́ kòtò kan, kó sì já gaara ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà síbẹ̀. Bí ó bá ń wá díẹ̀díẹ̀, áńténà tó ní wáyà gígùn, tí a so mọ́ orí ọparun, sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé àṣẹ títì kò gbọ́dọ̀ gbára lé nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú tí pọ́ǹpù máa fi ṣiṣẹ́ wà nínú àpótí fúnra rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣí omi, àpótí á ka ìṣẹ́jú rẹ̀ pé, á sì pa á. Àpótí tó ń retí kẹ́ ẹ pè é kó tó lè pa pọ́ǹpù, ẹ má rà á.

Pọ́ǹpù oní-pẹtiróòlù ni mo ní. Fóònù lè tan án?

Fóònù ò lè fa okùn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé nígbà tí ẹ bá wà lóko, kẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù yẹn fa omi kún táǹkì tó wà lórí ìdúró gíga, kí fóònù wá máa darí fáfù tó wà lẹ́nu táǹkì. Ẹ fa omi lẹ́ẹ̀kan, ẹ ń lò ó díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lẹ́yìn May 2023, èyí bọ́gbọ́n mu ju kí pọ́ǹpù máa bú ní gbogbo ìgbà tí ewébẹ̀ bá fẹ́ mu omi.

Àmọ́ ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọgbó. Fáfù oníná tó wọ́pọ̀ lọ́jà nílò kí omi tì í kó tó lè ṣí dáadáa, tó bíi bar 0.2 sí 0.5 fún ọ̀pọ̀ nínú wọn (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti nǹkan). Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi fi ga sí fáfù ò mú ju bar 0.1 wá. Táǹkì tó wà lórí ìdúró mítà kan ààbọ̀ ń mú bar 0.15 wá. Ẹ ó tẹ fóònù, fáfù á dún "kà", omi ò ní jáde, ẹ ó wá máa bú ẹni tó so ó. Ẹ béèrè fún fáfù tó ń ṣí láìsí kí omi tì í, tàbí èyí tí mọ́tò kékeré ń yí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń ṣí.

Pọ́ǹpù oníná ńkọ́? Oníná àdúgbò wa ní òun lè so ó tààrà.

Ẹ má gbà fún un. Agbára tí pọ́ǹpù 1 HP fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746, iná tó ń jẹ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ lásìkò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súìṣì kékeré inú àpótí, tí wọ́n kọ 10A sí lára, kò lè gbà á pẹ́. Lọ́jọ́ kan, irin inú rẹ̀ á yọ́ lẹ̀ mọ́ra. Fóònù á ní òun ti pa pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á ṣì máa ṣiṣẹ́. Kí oníná fi kọ̀ńtákítọ̀, ìyẹn súìṣì ńlá tó lè gba iná pọ́ǹpù, sáàárín: àpótí á máa tan kọ̀ńtákítọ̀, kọ̀ńtákítọ̀ ni yóò máa tan pọ́ǹpù.

Bí ẹni tó ṣe àpótí fún yín bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ẹ béèrè irú iná tó gbé fún ibi tí síìmù wà. Àwọn kan nínú àwọn ẹ̀rọ síìmù kéékèèké yẹn lè fa tó 2A lójijì nígbà tí wọ́n bá ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Bí iná ò bá tó, á máa kú á máa jí, àwọn èèyàn á sì di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì.

Ti sólà rọrùn jù. Kí pánẹ́ẹ̀lì máa gbé pọ́ǹpù lọ́sàn-án, kó kún táǹkì. Kí bátìrì kékeré kan máa gbé àpótí àti fáfù, kí omi lè jáde ní ìdájí. Ẹ kò nílò bátìrì ńlá tó lè gbé pọ́ǹpù lóru.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bóyá ilẹ̀ gbẹ ńkọ́?

Ó dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tó ní ẹsẹ̀ irin méjì tó hàn síta kò wọ́n, kì í sì í pẹ́ dípẹtà nínú ilẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ irọ́ ló máa máa pa. Èyí tí wọ́n bo irin rẹ̀ dáadáa ló sàn. Ẹ má kàn kì í bọlẹ̀ kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́: ẹ kọ́kọ́ kà á nínú ilẹ̀ oko yín nígbà tó gbẹ táútáú, kẹ́ ẹ bomi rin ín yó, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tún kà á. Àárín nọ́ńbà méjèèjì ni oko yín wà. Kí ó wà ní jíjìn tó ìka ọwọ́ méjì nínàró, níbi tí gbòǹgbò ewébẹ̀ ń gbé, kó má sì wà lábẹ́ ojú ihò dírípù gan-an. Ilẹ̀ wa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ tún máa ń ṣì í lọ́nà, nítorí àlàfo tó bá wà láàárín òkúta, gbígbẹ ló máa pè é.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ bu ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́. Bó bá di ìṣù tí kò sì tú ká, omi ṣì wà. Bó bá fọ́n ká bíi gàrí, ẹ ṣí omi.

Bóhóòlù mi máa ń fẹ́ gbẹ ní February. Fóònù lè ràn mí lọ́wọ́?

Kò lè fi omi kún un. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú tó yí i ká wà. Omi tó wà nísàlẹ̀ kò ju èyí tó há sínú àlàfo àpáta àti ilẹ̀ tó bò ó lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà kún. Ohun tí fóònù lè ṣe ni pé kó fa omi fún ìṣẹ́jú 15, kó sinmi fún wákàtí kan, kó tún fà á, tọ̀sán-tòru, láìsí pé ẹnì kan dúró tì í. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yìí ló máa ń fa omi tán, tí pọ́ǹpù á wá máa yí lórí òfo títí tí yóò fi jóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun tó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá tán sí i, yálà ẹ ń lo fóònù tàbí ẹ ò lò ó. Títún pọ́ǹpù inú bóhóòlù wé kì í ṣe owó kékeré.

Ṣé ẹlòmíì ò ní máa pe nọ́ńbà náà kó fi mi ṣe yẹ̀yẹ́?

Àpótí tó dáa kì í dáhùn àfi nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, 1234 ló sábà máa ń jẹ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí lébìrà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Orúkọ àti NIN yín ni kí síìmù náà wà lórí, kì í ṣe ti ẹni tó bá yín so ó. Ẹni yẹn lè rìnrìn àjò.

Àgbẹ̀ kòkó ni mí. Ṣé ó kàn mí?

Kòkó tó ti dàgbà lábẹ́ ìbòòji, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín. Àmọ́ ọgbà tí ẹ ti ń hu irúgbìn rẹ̀, àti kòkó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ àti ìkejì ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀ ni omi díẹ̀ ti ń gba igi tó máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún là.

Bí fóònù bá ti ń ṣe é, ṣé kí n dá lébìrà mi dúró?

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tó ń gbé Èkó tí wọ́n ní oko ní Àkúrẹ́. Rárá. Fóònù ò rí i bí òkété bá jẹ páìpù. Kò mọ̀ pé iyanrìn tàbí ìpẹtà omi bóhóòlù ti dí ihò dírípù, tí ìlà ebè kan ti rọ nígbà tí ìyókù tutù yọ̀yọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fọ asẹ́ omi, kó máa ṣí òpin páìpù kí ìdọ̀tí jáde, kó máa wo ewé. Bí ẹ bá fi mítà kékeré tó ń ka omi sí i, àpótí lè sọ fún yín pé omi tó jáde lónìí ju tàná lọ, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan bẹ́. Ibi tó bẹ́, ẹsẹ̀ ló ń débẹ̀.

Ta ló lè bá mi ṣe é ní Àkúrẹ́?

Àwọn tó ń so kámẹ́rà àti gééètì oníná mọ àpótí tó ń gba fílásì yìí dáadáa, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí gééètì. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni omi. Ẹ pe pùlọ́mbà mọ́ wọn. Fún ìmọ̀ràn lórí iye omi àti irú páìpù, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUTA wà, Federal College of Agriculture náà wà nínú Àkúrẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, sì ń wọ abúlé. Ẹ mú àbájáde ìdánwò garawa yín lọ́wọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá yín lóhùn dáadáa á béèrè rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe sí i bí òjò bá dé?

Ẹ tú páìpù dírípù, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ ká a, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sókè níbi tí eku ò lè dé. Ẹ lè fi àpótí sílẹ̀ bí ibẹ̀ bá ní ààbò, nítorí nínú ìsinmi òjò August, ewébẹ̀ lè fẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta.

Síìmù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Láti April títí di October, oṣù méje ni. Síìmù tí kò bá ṣe ohunkóhun tó ń mú owó wá fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún ọjọ́ 180, wọ́n lè pa á, bó bá sì tún pẹ́ sí i wọ́n lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíì. Fílásì yín kò kà, nítorí kò ná an ní nǹkan kan. Lóṣooṣù, ẹ fi káàdì díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì ní kó fi SMS kan ránṣẹ́ sí yín láti sọ ipò tó wà.